Páànù Tí Kò Lórúkọ: Ìgbésí Ayé Màmá Geesche Brammer (1931–2014)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1931 ni a bí màmá wa sí abúlé Hollenbüttel, ní àríwá Jámánì, sí ìdílé Johann Tietjen, àgbẹ̀ ọ̀dùnkún, àti Metta aya rẹ̀. Ààrò kan ṣoṣo ló wà lábúlé. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbé páànù kéèkì wọn lọ fún yíyan, ìbáà ṣe ti ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú, pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ tí a kọ orúkọ ilé sí. Metta a máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Páànù tí kò bá lórúkọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ló ni ín.”

Màmá di olùkọ́ ní 1953, wọ́n sì fẹ́ olóògbé Hinrich Brammer, káfíńtà, ní 1955. Wọ́n kọrin nínú ìjọ Luther títí ohùn fi lọ.

Láti 1958, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kiri lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n ń kọ ohun tí oníkálukú ń pe kéèkì sórí páálí kéékèèké. Ọ̀pọ̀ rò pé inú èdè Róòmù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Màmá ní ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni: koken nílé wa, koek lọ́dọ̀ àwọn ará Họ́láńdì, kaka lókè òkun àríwá, níbi tó ti gba ọkọ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi di kéèkì lẹ́nu aráyé.

Ní 1979, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá mu kọfí nílé wa, ó sì yin iṣẹ́ náà títí. Màmá kó agolo mọ́kànlá tó kún fún páálí lé e lọ́wọ́. Màmá tí kì í jẹ́ kí páànù jáde láìlórúkọ kò kọ orúkọ wọn sí ẹyọ páálí kan. Nígbà tí ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi àwọn páálí yẹn kọ jáde ní 1982, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ “àwọn ìyá abúlé.” Màmá ka ìlà yẹn, wọ́n pa ìwé dé, wọn kò sì gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Ó dùn wá. Kò tíì tán nínú wa.

Màmá papò dà ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2014. Wọ́n fi àwa ọmọ wọn, Antje àti Dierk, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sáyé.

Kéèkì ìsìnkú ti wà lórí tábìlì. Pákó wà lára páànù kọ̀ọ̀kan, GEESCHE BRAMMER ni a kọ sí i. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá wà láàárín wa, kí ó kà á sókè kó tó jẹ.

Ẹ sùn re, Màmá. A ti kọ orúkọ yín.