Ọjọ́ Tí A Lu Ihò sí Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Alágbẹ̀dẹ,
Ìbà, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Òkúdu, 2024.

Abímbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì jẹ́ kí o sinmi? Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ ti yá dáadáa. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún Màmá mi nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Orúnkún yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. O mọ koríko iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí Màmá ti máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láràárọ̀. Ó ti ń kú. Bí òjò bá rọ̀, ṣe ni omi ń dúró sójú kan. Bàbá Ládépọ̀, alága ìgbìmọ̀ wa, wá ní àwọn á da kọnkéré síbẹ̀ kí ìkórè tó dé. Inú mi bà jẹ́ gan-an. Àgbàlagbà wo ni orúnkún rẹ̀ fẹ́ gba kọnkéré?

Èmi tí mò ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ilẹ̀ ló le, ẹsẹ̀ gbogbo wa ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Wọ́n ní kí n gbìyànjú. Ní Sátidé, a kó fọ́ọ̀kì oko àti rọ́ọ̀dù jáde, à ń gún ilẹ̀, à ń bu yanrìn sínú ihò. Iṣẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́, àfi bí Beatrice, olórí akọrin wa, ṣe dá orin! O kúkú mọ àwa aláṣọ funfun, ta ló máa gbọ́ orin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró? Kí n tó pariwo, a ti jó gbogbo ihò dí. Màmá mi olórúnkún ni wọ́n ṣáájú ijó!

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni kò jẹ́. Bàbá Ládépọ̀ bá pàṣẹ pé, “Kò sí kọ́rọ́ọ̀sì mọ́ o! Ẹni tó bá kọrin, òun nìkan ló máa gún ìyókù.” A tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ panu mọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo sáré lọ wò ó, omi ti wọlẹ̀ tán! Bàbá Ládépọ̀ tẹ ilẹ̀ náà wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti rà fún kọnkéré tún ilé ìwẹ̀ ṣe.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, pàápàá Ìyìnolúwa. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Mò ń dúró de Màmá lórí koríko. Wọ́n ti ṣe àmín tipẹ́, wọ́n kàn kọ̀, wọn ò dìde ni.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹrẹ̀ ṣì wà léèékánná,
Bíọ́dún