Ẹnì Kan Ti Dín Nínú Àwọn Tó Ń Dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé onílé ti tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe? Ọlọ́run tó fi ìwọ nìkan sílẹ̀ fún wa kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omijé máa ń ba ìwé jẹ́.

Àwa náà wà. Bàbá rẹ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ. Bàtà òjò tí wọ́n kó dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú amọ̀ lára. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, bàbá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìmọ̀ ekòló, ihò tó gbẹ́ láti fi wò wọ́n ló wó lù ú lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ lanu lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ rèé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí, tó kó ẹrù rẹ̀ wá, ló fi ojú ìwé ayélujára kan hàn wá lórí fóònù. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ nípa ekòló ló wà níbẹ̀, iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tiwọn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó lé ní igba. Mo ní ṣé gbogbo èèyàn yìí ló mọ ọmọ mi, tí a kò rí ẹyọ ẹnì kan kó wá kí wa kú ọ̀fọ̀? Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́. Mo gbà á gbọ́, torí kò sẹ́ni tó fi olóògbé ṣíwájú orúkọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, kó bá mi ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo máa ń wé gèlè lọ, torí n kò mọ iye wọn tó lè máa wò wá láti ọ̀hún. Mo máa ń kí wọn. Nígbà tí iye náà lé sí i, mo sùn dáadáa. Mo bẹ obìnrin náà kó má pa ẹ̀rọ náà tí mo bá lọ tán, kí òkùnkùn má bàa ṣú bò ó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí.

Káfíńtà òdìkejì wa gbọ́, ó ní ti ọmọ òun obìnrin tó ń ṣèwádìí àìsàn ọkàn ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, pé ta ni yóò tilẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ ekòló kiri. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo pe ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní a kì í fi òṣùwọ̀n irin wọn òwú, pé àwọn tó ń wo ọkàn pọ̀ bí èrò ọjà, bí ọ̀kan bá sín, ọgọ́rùn-ún á kí i. Ó ní gbogbo elékòló ayé kò kún yàrá ńlá kan, àmọ́ nínú yàrá yẹn, àgbà ni ọmọ mi. Mo lọ sọ ọ́ fún káfíńtà bó ṣe wí i. Ó ṣí fìlà, ó ní kí n má bínú. Òun náà ló kan pósí ẹ̀gbọ́n rẹ, o rántí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, iye náà fi ẹyọ kan dín. Mo ní kí obìnrin tó ń tẹ̀wé tún un wò. Ó pa á, ó tún un ṣí, bákan náà ni. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ti ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹni tó bá pe ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ìpè méjì kọ́ ni? Ta ló yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀? Kí ló fi ṣe é? N kò tíì sọ fún bàbá rẹ.

Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà rẹ dé, pé o fẹ́ ní kí wọ́n ti ojú ìwé náà pa, kó lè sinmi. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ọmọ mi, má tì í. A kì í pè é mọ́ nínú ilé yìí. Bàbá rẹ kò lè dá orúkọ náà, èmi náà, ìwọ wo lẹ́tà yìí, “ẹ̀gbọ́n rẹ” ni mò ń pè é láti òkè. Àwọn àjèjì yẹn nìkan ló kù tó ń pè é bí ẹni tó wà láyé.

Bí o bá rí nǹkan díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún obìnrin tó ń tẹ̀wé, kò gba owó lọ́wọ́ mi mọ́, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń mu epo. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ lo máa sin wá.

Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí ẹ̀yìn ìwé yìí, pẹ̀lú àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe dà á kọ lójú ẹ̀rọ. Mo rọra kọ ọ́ kó lè ṣeé kà. Ìwé lèyí náà, mo sì ti dárúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Bá mi fún àwọn tó ń ka iye náà, kí wọ́n fi èyí kún un, kó lè pé padà.

Èmi ni,
Ìyá ẹ̀yin méjèèjì.