Bàbá Tó Jókòó Nínú Kíláàsì Ọmọ Wọn

Ọdún 1952 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú ilé oníyàrá méjì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni baba tó bí wọn, òun ló ń ju àsíá sí ọkọ̀ pé kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Ìyá wọn ń ránṣọ. Bàbá wa ni àkọ́bí, obìnrin sì ni gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wọn.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, ìṣirò sì ni wọ́n yàn láàyò. Wọn ò tíì pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí baba wọn fi ṣaláìsí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má lọ sílé ìwé mọ́. Àwọn fúnra wọn ló wo bí ojú ìyá wọn ṣe ń pọ́n nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ká aṣọ ilé ìwé wọn, tí wọ́n sì gba ilé búrẹ́dì lọ. Ọdún 1966 nìyẹn.

Ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n po ìyẹ̀fun, wọ́n dúró ti ààrò, títí wọ́n fi di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Ìyẹ̀fun ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí bó ti wù kí wọ́n wẹ̀ tó, ìyẹ̀fun kì í tán ní ìpéǹpéjú wọn. Ní ọdún 1974 ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá ra búrẹ́dì lójoojúmọ́ nígbà tí ti àná ṣì wà nílé. Ìyá wa ò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin méjì ta wọ́n lọ́rẹ.

Ohun kan ló ń dun bàbá níbi iṣẹ́. Lónìí, wọn á yan búrẹ́dì ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó ṣẹ́kù á bu. Lọ́la, wọn á yan án níwọ̀nba, oníbàárà á sì padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé yunifásítì tó wà nílùú ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà to ìròyìn òwò, kí ọlọ́jà lè fojú sun ohun tó ń bọ̀ kó tó dé, ara wọn ò lélẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n parí girama tí wọ́n pa tì, yunifásítì sì gbà wọ́n wọlé ní ọdún 2004. Ìyọnu kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ àgbà wa, ń ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka náà gan-an.

Ó bẹ̀ wọ́n títí. "Bàbá mi, ẹ dákun, ṣé kò sí ẹ̀kọ́ míì tí ẹ lè kọ́ ni?"

Bàbá ní, "Ìwọ lo lọ kọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ta ló ní kí o ṣíwájú mi?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe wọ kíláàsì, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá dìde. "Ẹ káàárọ̀, olùkọ́ wa." Orúnkún ẹ̀gbọ́n wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Ẹ̀rín sọ. Láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni bàbá ń fi bá a sọ̀rọ̀ nínú ọgbà. Tí wọ́n bá ti jáde ní géètì, ọ̀rọ̀ á yí padà: "Ìwọ ọmọ yìí, gbé báàgì mi." Dádì Kíláàsì làwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ wọ́n.

Ní ọdún kejì, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kó ìròyìn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà fi ojú bàbá rí màbo. Ẹ̀gbọ́n wa ló kọ́ wọn, òun ló sì yẹ ìwé ìdánwò wọn wò. Ó gbé e fún olùkọ́ mìíràn, bóyá ojú òun ló tan òun jẹ. Máàkì kan náà ni ẹni yẹn fún wọn. Bàbá fìdí rẹmi. Ẹ̀gbọ́n wa ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó sunkún, ó nujú, ó sì lọ lẹ èsì náà mọ́ ògiri.

Ìyá wa ò gbà. "Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ lo fi ìtìjú kàn lójú ayé?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n wa ò wá sílé mọ́.

Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n fi bébà wé búrẹ́dì gbígbóná kan, wọ́n mú un lọ sí ilé rẹ̀. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, kò lè dìde.

Bàbá ní, "Dìde. Máàkì tí mi ò bá jẹ, tó o bá fún mi, o rẹ́ mi jẹ ni." Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sídìí tábìlì ìdáná, wọ́n tẹ́ ìwé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wò ó, wọ́n ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe fún mi."

Ó tún un ṣe. Búrẹ́dì náà tán sídìí ẹ̀kọ́. Nígbà tí bàbá tún ìdánwò ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yege láìsí pé ẹnikẹ́ni gbè wọ́n lẹ́yìn, ìyá wa sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ wọn ní "olùkọ́ ọkọ mi".

Wọ́n gboyè ní ọdún 2009. Iṣẹ́ àṣekágbá wọn dá lé ilé búrẹ́dì: wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti wo iye búrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tó ń rà lọ́wọ́ wọn tà sẹ́yìn, kó sì sọ ohun tó yẹ ní yíyàn lọ́la. Búrẹ́dì bíbu dínkù, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà sì fi wọ́n ṣe alábòójútó títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2015.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni bàbá. Wọn kì í pa ìsìn jẹ, ọ̀gá akọrin ló sì mọ sùúrù tó ní pẹ̀lú ohùn wọn, nítorí bí ẹni ń pe èèyàn ní òdìkejì odò ni wọ́n ń kọrin. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà àdúgbò ní ìlò kọ̀ǹpútà àti fóònù ní gbogbo Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan ni wọ́n ṣe: a kì í fi ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín.

Àìsàn ọkàn ló dá bàbá dúbúlẹ̀ ní ọdún 2023. Lọ́jọ́ tó ṣíwájú ikú wọn, ìyá arúgbó kan tó ń fọṣọ ládùúgbò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Bàbá, èmi ni mo tẹ eléyìí. Kò sẹ́ni tó bá mi tẹ̀ ẹ́." Wọ́n ní ká tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì ní ká dá a lóhùn pé ó káre. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dákẹ́, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ ìyá wa.

Bàbá fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan àti àwọn àbúrò obìnrin sáyé lọ.

Bàbá wa, Ọ̀gá Ìyẹ̀fun, Dádì Kíláàsì, ẹ bọ́ wa, ẹ sì jẹ́ ká rí i pé ẹ̀kọ́ ò ní ọjọ́ orí. Kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín bí ìbùsùn. Kí Ẹni tó dá yín fi ọ̀yàyà gbà yín. Ẹ sùn, bàbá, kí ẹ sùn wọra.