Ìgò Mẹ́ta fún Ẹsẹ̀ Kan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹfà 1987
Ẹsẹ̀ tún jí ṣáájú mi. Ata ní àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ ní ọmọ-ìka. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí dókítà Ìlọrin ti sọ ọ́: iṣan ni, kì í ṣe eegun, kì í sì í tán bọ̀rọ̀, kí n ṣe sùúrù. Sùúrù kì í rán aṣọ. Aṣọ akọrin mẹ́rìnlélógún wà nílẹ̀ fún ìkórè oṣù kọkànlá. Bí ẹsẹ̀ mi bá kọ pẹ́dà ẹ̀rọ, télọ̀ Òkè-Òpin ni yóò rán an, òun náà ni yóò sì máa rán gbogbo èyí tó bá tún yọjú.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹfà
Keziah ìyàwó mi (Gómìnà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò gbọ́dọ̀ rí i) ti kéde àìsàn mi fún gbogbo Ìlọfà. Olóyèdé, bàbá ìjọ wa, gbé tọ́níìkì dúdú wá, olóòórùn irin. Sikirat tó ń tajà bọ̀ láti Ìlọrin gbé Bíkó, tábúlẹ́ẹ̀tì fítámì, wá. Gómìnà fúnra rẹ̀ ra ìgò tábúlẹ́ẹ̀tì pupa kan ní Ìdòfin, ó ní ti iṣan gan-an nìyẹn. A kì í kọ ohun tí wọ́n gbé wá kí aláìsàn, ojú ẹni tó gbé e wá la sì ti ń lò ó. Mo lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ikùn mi di ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Keje
Ìtọ̀ mi pọ́n bí Fáńtà. Gómìnà ní oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹjọ
Àìsàn ẹsẹ̀ ti dé ọwọ́. Abẹ́rẹ́ gún mi wọnú ìka, n kò mọ̀, àfi ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára kọ́là funfun. Ẹ̀rù bà mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹjọ
Mo kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Issa tó ń fúnni lóògùn ní dispẹ́ńsárì. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀, ó ń ka lẹ́tà wíńníwínní ara wọn. Ó ní fítámì kan tí wọ́n ń pè ní B6 wà nínú ti Sikirat, ó tún kún inú ìgò pupa bámúbámú. Ó gbọ́ ọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pé bó bá pọ̀ jù, iṣan tí wọ́n ní kó tún ṣe gan-an ló ń bà jẹ́. Ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ẹ̀jẹ̀ ò dín. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi irin inú tọ́níìkì ṣe?" Mo ní pẹ́dà mi nìkan ti tó mi ní irin. Ó ní kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé nǹkan wá, kí n kọ́kọ́ gbé e wá kí òun kà á.
Mo to àwọn ìgò sórí pẹpẹ, kí àwọn tó gbé wọn wá lè máa rí wọn. Mo sọ fún Gómìnà. Ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n." N kò fẹ́ràn "Ẹ̀n-ẹ́n" yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹsàn-án
Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. N kò gbé ẹyọ kan mì. Ẹsẹ̀ ò yí padà. Ìtọ̀ ṣì pọ́n bí Fáńtà — báwo? Ìgò pupa sì ń dín. Eku Ìlọfà gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ bí a ṣe ń ṣí ìdérí ìgò.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹsàn-án
Mo rí eku náà. Ó wé gèlè. Mo wọlé ìdáná láàárọ̀, Gómìnà ń fi ìdí ife lọ tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ń dà á sínú ẹ̀kọ mi. Láti oṣù kẹfà! Ó ní òun rí mi nígbà kan tí mo tu oògùn dànù, òun ò sì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀fun mi mọ́. Èyí tí mo ń gbé mì, èyí tí mo ń mu nínú ẹ̀kọ — ìlọ́po méjì!
Mo pariwo. Kò pariwo padà. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ọdún tí ọwọ́ bàbá mi kọ òòlù, ọdún náà ni ó kú. Bí uṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, èmi nìkan a kù sí ulé yìí." Ó wá ń sunkún sínú ẹ̀kọ.
Mo jókòó tì í. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Díẹ̀ ló kù kó fi ìfẹ́ sọ mí di arọ.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹwàá
Ìtọ̀ mọ́ bí omi òjò. Gómìnà ní kí n yé kọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ sínú ìwé. — Ta ló sọ fún un pé mo ń kọ ọ́?

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kọkànlá
Ata ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Issa ní ó lè má lọ tán, èyí tí oògùn dá sílẹ̀ ni yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ku méjì. Gómìnà ń rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rojọ́ télọ̀ Òkè-Òpin.
Ọyẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Mo gbé e kúrò. Mo tún gbé e lé e. Irin náà tutù. Ó ti tó ọdún kan tí n kò ti mọ̀ pé irin yẹn ń tutù.
Mo ké "Gómìnà!" kí n tó rántí pé orúkọ inú ìwé ni.
Ó dáhùn. Ó ní, "Kí ló tún dé?"
Mo ní, "Ó tutù."
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò gbé e kúrò títí ó fi sunkún tán.