Àwọn Pèrègún Ọgbà Ìgbafẹ́ Ọ̀tà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Àmọ̀dá Morónfólú (1893–1958)

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún yìí, 1958, ọjọ́ kẹta tí Bàbá Àmọ̀dá Morónfólú jáde láyé, Bàbá Mùsílíù Àpọ́nlé, olórí ẹbí Àpọ́nlé, kó ọmọ ilé wọn mẹ́sàn-án lẹ́yìn wá sí ilé olóògbé ní àdúgbò Ọ̀tún, Ọ̀tà. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. A gbé àga fún wọn, wọn kò jókòó sórí rẹ̀. Orí ẹní àwọn ọlọ́fọ̀ ni wọ́n lọ jókòó sí. Bàbá Mùsílíù ní, “Ẹ má rẹ̀ mí lẹ́kún. Èmi ni mo pe Àmọ̀dá ní olè lójú gbogbo ayé. Èmi náà ni kí ẹ bi léèrè bóyá ó jalè.” Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, títí a fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa pé jọ fún àdúrà ogójì ọjọ́ lónìí, Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, lè mọ ohun tí ó wà láàárín àwọn àgbà méjèèjì, ẹbí Morónfólú to ìtàn Bàbá sílẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀, láìbù mọ́ ọn, láìyọ kúrò.

Ní nǹkan bí ọdún 1893 ni a bí Àmọ̀dá ní agbo ilé Morónfólú, Ọ̀tà. Bàbá tí ó bí wọn ni Sírájúdéènì Morónfólú, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ìgbẹsà. Ìyá wọn ni Adédùntán, ọmọ Adó-Odò, tí ó ń ta iyọ̀. Ọmọ mẹ́fà ni Adédùntán bí. Àmọ̀dá ni ìkẹta.

Ní ọdún 1900, wọ́n fi Àmọ̀dá sí ilé kéwú. Níbẹ̀ ni òun àti Mùsílíù Àpọ́nlé ti di ọ̀rẹ́. Wàláà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń lò: bí ẹnì kan bá kọ tirẹ̀ tán, yóò fọ̀ ọ́ nù kí èkejì tó kọ. Bàbá kò lọ sí ilé ìwé òyìnbó rí. Ìṣirò tí wọ́n mọ̀, inú igbó ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ọdún 1913, Bàbá wọ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba. Àwọn ni wọ́n ń fa ẹ̀wọ̀n irin tí sàfíyọ̀ fi ń wọn ilẹ̀, tí wọ́n sì ń kan èèkàn síbi tí ìwọ̀n bá dé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, láti Ìlaròó dé Àgbádárìgì. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1946, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n padà fún ìjọba, ṣùgbọ́n kíka ìgbésẹ̀ kò kúrò lára wọn. Láti ilé dé mọ́ṣáláṣí, ìgbésẹ̀ irínwó ó lé mẹ́fà ni. Ìyàwó wọn a máa sọ pé òun kì í bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí bí òun bá ti la ẹnu báyìí, gbogbo rẹ̀ dàrú, wọn yóò sì fẹ́ padà sílé lọ tún un kà.

Ìyàwó náà ni Rùkáyátù, ọmọ Ìgbẹsà, tí wọ́n fẹ́ ní ọdún 1919. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n ta ẹ̀wọ̀n kọjá nínú oko ẹ̀gẹ́ bàbá Rùkáyátù, ọmọbìnrin náà sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. “Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá nínú oko bàbá mi kí n tó gbé ẹsẹ̀,” ni ó wí. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni wọ́n dúró, tí wọ́n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kì í ta ẹ̀wọ̀n lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ sọ fún olóko. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé, ìgbà náà ni ìtàn yìí sì dá lé.

Ní ti ẹ̀sìn, mùsùlùmí òdodo ni Bàbá. Láti ọdún 1934, sáfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìmáàmù, ni wọ́n ti ń kírun. Àwọn ni wọ́n ń ta okùn ní yídì ní gbogbo ọdún Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ kí ẹsẹ̀ àwọn olùjọsìn lè gún régé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1952, káńsù Ọ̀tà pinnu láti ṣe ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo ìlú, níbi tí àgbàlagbà yóò ti máa gba atẹ́gùn, tí ọmọdé yóò sì ti máa ṣeré. Ilẹ̀ ẹbí Àpọ́nlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìdírókò, ni wọ́n fojú sí. Ẹbí Àpọ́nlé ti fi ẹnu gbà láti yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀; ibi tí díẹ̀ náà yóò parí sí ni ẹnikẹ́ni kò sọ. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje, Bàbá sì wà nínú rẹ̀. Láwàlì, akọ̀wé káńsù, lẹ àwòrán ọgbà náà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, ó ní kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ wá sọ ọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wá. Ó béèrè bóyá ìwé owó orí tuntun ni.

Bàbá sọ fún ìgbìmọ̀ pé, “Ẹ gbé àwòrán yìí sórí ilẹ̀, kí àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ wọn kà á.” Ìgbìmọ̀ gbà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé Bàbá lọ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1953, Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ogójì èèkàn ni wọ́n nílò. Méjìlá péré ni káfíńtà gbẹ́. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàbá sì fẹ́ parí kí ó tó dé. Wọ́n gé igi pèrègún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ilé ara wọn, wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n sì kàn wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú igbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, igi tí ó bá ti tọ́ ni èèkàn. Wọn kò bi Mùsílíù kí wọ́n tó kàn án. Ọ̀rẹ́ ni, wọ́n rò pé ó ti tán. Ààwẹ̀ dé, wọ́n sún ìpàdé tí ìlú yóò fi wá wo èèkàn sí ẹ̀yìn Ìtúnu. Òjò rọ̀ ní gbogbo oṣù náà. Kí ó tó di Ìtúnu, pèrègún méjèèjìdínlọ́gbọ̀n ti hu ewé.

Ọmọ Ọ̀tà kò nílò kí a ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn àlejò wa: pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà. Ẹni tí ó bá gbìn ín ti sọ fún ayé pé láti ibí lọ sínú, tèmi ni. Ẹni tí ó bá sì tu èyí tí ó ti hù, olè ààlà ni.

Ní Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, bí wọ́n ṣe ń jáde láti ìrun, Mùsílíù dúró de Bàbá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

“Àmọ̀dá, ta ní ní kí o gbin pèrègún sórí ilẹ̀ bàbá mi?”

“Èèkàn ni mo kàn. N kò gbin nǹkan kan.”

“Èèkàn tí ó ń yọ ewé! Ó ku kí èèkàn rẹ so èso kí o kó o lọ sọ́jà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni o fi ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀, ojú rẹ wá wọ tèmi. Olè ni ọ́!”

Gbogbo mọ́ṣáláṣí gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá kò lọ sí sáfù iwájú mọ́. Ìdí ògiri lẹ́yìn ni wọ́n ti kírun. Wọ́n ní àwọn kò ní dúró síwájú ẹnikẹ́ni nígbà tí ọ̀rọ̀ olè wà lọ́rùn àwọn. Ọ̀nà àbáyọ kò sì sí: bí wọ́n bá fi pèrègún sílẹ̀, wọ́n jí ilẹ̀, bí wọ́n bá tu ú, ìlú yóò ní wọ́n ń fi ẹsẹ̀ nu ipa ẹsẹ̀ ni.

Rùkáyátù ni ó tú wọn sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kì í ta ẹ̀wọ̀n láìsọ fún olóko. Ta ni ẹ sọ fún lọ́tẹ̀ yìí?” Bàbá ní, “Kò sí.” Ó ní, “Ẹ lọ sọ fún un, kí gbogbo ìlú gbọ́.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ènìyàn tí ó lé ní igba pé sórí ilẹ̀ náà. Bàbá dìde, wọ́n ṣí fìlà. “Mo kàn án kí n tó béèrè. Àṣìṣe mi nìyẹn, n kò ní òmíràn. Mùsílíù, ilẹ̀ bàbá rẹ ni. Fi ọwọ́ ara rẹ tu èyí àkọ́kọ́, kí o sì gbìn ín síbi tí o bá fẹ́ kí ọgbà dé.”

Mùsílíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tu pèrègún kan, ó ka ìgbésẹ̀ mọ́kànlá wọ inú ọgbà, ó sì gbìn ín. Bí ilẹ̀ ọgbà ṣe dín kù nìyẹn. Bàbá yíjú sí àwọn ènìyàn, wọ́n ní ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀, kí ó wá tu tirẹ̀.

Àdìzát, olórí àwọn obìnrin tí ń gba ibẹ̀ lọ sódò, ni ó kọ́kọ́ jáde. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin fẹ́ gbafẹ́, a gbọ́. Àwa fẹ́ pọn omi.” Ó ru ìkòkò omi kíkún, obìnrin kan sì ru tirẹ̀ pàdé rẹ̀ láàárín èèkàn méjì. Omi dà sí wọn lára. “Ẹ ti rí i! Ọ̀nà yìí kò gba ẹni méjì, àfi bí a óò bá máa wẹ̀ ká tó délé.” Wọ́n sún pèrègún, àwọn méjèèjì tún rìn, omi tún dà. Ìgbà kẹta ni wọ́n kọjá láìjẹ́ kí omi kán sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀nà wà títí di òní.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fàlílù, olùkọ́ ilé ìwé, sọ pé ibi tí Bàbá Mùsílíù gbin tiwọn sí, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yóò máa bọ́ sójú títì.

“Fàlílù, ṣé nítorí bọ́ọ̀lù ni n ó ṣe fi ilẹ̀ bàbá mi sílẹ̀?”

“Bàbá, ọmọ-ọmọ yín ló ń gbá a jù.”

Ẹ̀rín ta. Mùsílíù náà rẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra. Ó padà lọ tu pèrègún rẹ̀, ó gbé e jáde ní ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó fi kọjá ibi tí Bàbá kọ́kọ́ kàn án sí ní mẹ́rin. Ó tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn, ta ni yóò sọ pé wọ́n jí i gbé? Àmọ̀dá, padà sí sáfù rẹ.” Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, pèrègún mẹ́ta péré ni ó ṣì wà níbi tí Bàbá fi wọ́n sí. Bàbá padà sí sáfù iwájú ní ìrun ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìlú parí. Ti ìwé kò parí. Nígbà ààwẹ̀ ọdún 1953, akọ̀wé ìwọnlẹ̀ kan gba Ọ̀tà kọjá. Ó rí pèrègún tí ó hu ewé, ó bi èrò ọ̀nà pé ta ni ó gbìn ín. Wọ́n ní Àmọ̀dá ni. Ní oṣù kejì ọdún 1954, àwòrán ilẹ̀ dé káńsù; orúkọ tí ó wà lórí ọgbà náà gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ ni Àmọ̀dá Morónfólú.

Bàbá rán lẹ́tà sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n rán sí ti Ìbàdàn. Lẹ́tà mọ́kànlá ni láàárín ọdún mẹ́rin, ohun kan náà ni gbogbo wọn béèrè: kí a yọ orúkọ àwọn kúrò. Bàbá Mùsílíù tẹ̀ka sí mẹ́rin nínú wọn. Ìdáhùn kan ní, “A ti gba lẹ́tà yín.” Òmíràn béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tà á ni. Nígbà tí àìsàn dé ní ọdún tí ó kọjá, Bàbá pe àwọn ọmọ, wọ́n ní, “Bí mo bá kú tí orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀, ẹ óò di ọmọ olè láìmọ̀dí. Ẹ kò gbọdọ̀ jogún rẹ̀.” Gbogbo ọmọ bọwọ́ lu ìwé pé àwọn kò ní ìpín níbẹ̀. Bàbá jáde láyé ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ ni ìyàwó wọn, Rùkáyátù, àwọn ọmọ wọn, Mùkáílà, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, Mùíbátù, oníṣòwò ní Ìgbẹsà, àti Múdàṣírù, aránṣọ ní oríta Ṣàngó, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ọgbà kan tí kì í ṣe tiwọn.

Bàbá Àmọ̀dá, ẹ ti wọn ilẹ̀ tó, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run fi yín sí sáfù àwọn ẹni ire, kí ó fẹ ibùsùn yín. Ó dàárọ̀ o.

Bí ìwé yìí ṣe ń wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, Láwàlì, akọ̀wé káńsù, dé láti Ìbàdàn. Ó ní òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ilẹ̀ sọ fún òun pé wọ́n ti fa ìlà pa orúkọ Bàbá, wọ́n sì ti kọ “Gbogbo Ìlú Ọ̀tà” sí i, láti ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù kìíní. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n ṣe é. Láwàlì kò fi ojú ara rẹ̀ rí àwòrán náà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tẹ ẹbí lọ́wọ́.