Àgbàlagbà Ilé Gogoro Namurath

Ilé Ọtí Àgbò Olójúkan,
Ìgboro Zarkesh.
Oṣù Yìnyín, ọdún tí ọba ṣubú lẹ́ṣin.

Ordan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó máa ń wú bí yìnyín bá ti ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń fi orin Ulvar bú yín nílé ọtí, pé Ulvar, bàbá ńlá yín, ju asà nù lójú ogun, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ? Èmi wà láàyè o. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, torí mo gbọ́ pé ìyá mi ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi fún àbúrò mi.

Sefrit ni mò ń bá ṣiṣẹ́ níbí. Olè ni, kò sì fi pa mọ́. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú ju idà mi lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ fọwọ́ kan ère wúrà lẹ́nu ọ̀nà Namurath, oṣó tó ń gbé ilé gogoro dúdú. Ni oṣó bá yọ sí i, ó gé òjìji rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni gé aṣọ, ó ká a, ó rọ ọ́ sínú ìkòkò. Ẹni tí wọ́n bá gba òjìji rẹ̀, kì í rí oṣù tuntun. Sefrit bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó débi pé kò lè bú mi dáadáa mọ́, ẹ̀rù sì bà mí gidi.

"Torvek, má tẹ̀ lé mi lọ gba òjìji mi o," ló wí. "Orí rẹ tóbi, kò lè gba ojú fèrèsé."

Mo ní, "Ẹnu ọ̀nà ni màá gbà. Ṣé olè bíi tìẹ ni mí ni?"

Ọ̀sán gangan la lọ, torí wọ́n ní oṣó máa ń sùn lọ́sàn-án. Irọ́ ni! Namurath jókòó, ó ń jẹ èso àjàrà, kò tilẹ̀ dìde. Ó kàn pàtẹ́wọ́, òkú kan sì jáde látẹ̀yìn aṣọ ìkélé, òkú gbígbẹ nínú ẹ̀wù irin tó ti dógùn-ún, irùngbọ̀n funfun dé ìdodo. Mo ṣá a, idà mi ta padà. Mo tún ṣá a, idà kán. Ó sì gbé tiẹ̀ sókè orí mi.

O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa lókè Durm. Bí ikú bá dé, kéèyàn mu ọtí kó tó kú. Mo fa ìwo ọtí mi yọ, mo gbé e sẹ́nu, àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sára irùngbọ̀n yẹn. Háà! Àgbà wà ńlẹ̀, èmi fẹ́ kọ́kọ́ mu! Ó dà bíi pé ìyá mi gbá mi létí níbẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbé ìwo ọtí fún òkú.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ mu."

"Wèrè!" Sefrit figbe ta. "Ẹni tó fẹ́ pa ọ́ lò ń gbé ọtí fún?"

Idà dúró lókè. Bàbá gba ìwo, ó mu. Èyí tó pọ̀ jù ṣàn gba àárín egungun ìhà rẹ̀ jáde, síbẹ̀ ó mí kanlẹ̀. Nílé wa, àgbà tó bá mu ọtí lọ́wọ́ ọmọdé, òun ni yóò bá a parí ìjà ọjọ́ náà. Bàbá ò gbàgbé.

"Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ?"

Mo nàka sí Namurath. Àjàrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni ọ̀gá rẹ o! Èmi ni mo jí ọ dìde!"

"Látìgbà tó o ti jí mi," bàbá dá a lóhùn, "o ò fi omi lọ̀ mí rí."

Ojú fèrèsé ni Namurath gbà jáde, fèrèsé náà sì ga. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọtí lèmi dà, ó jẹ́. Sefrit fọ́ gbogbo ìkòkò, òjìji rẹ̀ sì sáré wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ti ń bú mi pé mo fi ọtí gidi ṣòfò. Mo sunkún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá wá jókòó sórí àga oṣó. Ó ní ó ti rẹ òun, ṣùgbọ́n òun ò lè sinmi àfi bí àwọn ará ilé òun bá da ọtí sílẹ̀ fún òun lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní orí afárá Orsk lòun nìkan dúró sí, kí àwọn jagunjagun yòókù lè ráyè sá lọ sílé. Ibẹ̀ ni asà òun ti já sódò, ibẹ̀ ni wọ́n pa òun sí, ibẹ̀ náà ni Namurath ti wá wú òkú òun. Mo béèrè ilé rẹ̀. Ó ní ilé tí wọ́n gbẹ́ àgbò mẹ́ta sára ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ordan, ìlẹ̀kùn yín ni. Ulvar ò sá. Àwọn tó sá ló délé kọrin.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ, kó o sì sọ fún ìyá mi pé kó gba bẹ́ẹ̀dì mi padà. Ọtí tó dáa ni kẹ́ ẹ dà o, kì í ṣe kíkan tí àna rẹ ń pọn. Kí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ dà á, kó pe orúkọ náà sókè, kí gbogbo ilé ọtí gbọ́. Bàbá ńlá yín tẹ̀ lé wa wá sílé ọtí, ó jókòó níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń bi mí bóyá àwọn ọmọ òun á dá òun lóhùn. Mo ní, "Wọ́n á dá yín lóhùn, bàbá." Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n parọ́ fún àgbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì kú,
Torvek.