Mi Ò Ní Po Ìpara Abóra fún Qudrah

Ìsọ̀ Ìpara Ràúdátù,
Ọjà Tuntun, Ìlọrin.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ummu Kulthum, ọ̀rẹ́ mi láti ilé kéú,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Alhaji ti fúyẹ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ọ̀nà ilé yín ní Ṣàngó. Èmi náà wà, mo ń jẹun, mo ń sùn, inú nìkan ló ń bí mi. Ìwọ lo sì bí mi nínú.

Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. O tún wá bílọ́ọ̀kì mi lórí Wasáàpù, èmi Ràúdátù tí a jọ pín wàláà kan lò! Ó dáa. Lẹ́tà ò ṣeé bílọ́ọ̀kì. Qudrah ọmọ rẹ ni mo fi rán, mo sì ti ní kó dúró tì ọ́ títí o fi máa kà á tán.

Mo gbọ́ pé o ti ń yí ọ̀rọ̀ wa po ní àsálátù, torí náà jẹ́ kí n rán ọ létí. O mú Qudrah wá sí ìsọ̀ mi. O ní ìyá ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ sọ pé ọmọ náà dára, àmọ́ ó dúdú, wòlímọ̀ rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. O kó ìpara mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì mi, o ní, "Pò ó fún un bí o ṣe po tèmi nígbà yẹn." Mo ní mi ò ṣe. Lo bá pariwo lójú àwọn oníbàárà mi pé ìlara ni, pé mi ò ní ọmọbìnrin tí màá fà fún ọkọ. Kulthum! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mi ò sì torí ẹ̀ yí ohùn padà.

Ohun tí o ò mọ̀ rèé. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ yẹn dá wá bá mi, ó fi ìbòrí bo ojú dé imú, bó ṣe ń bò ó fún ọ nílé tí o rò pé ìtìjú ìyàwó ni. O ti gbé àwọn ìpara náà lọ bá ẹnìkan ní Ọ̀fà Garage, ẹni yẹn sì ti pò ó. Nígbà tí Qudrah ṣí ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ó pọ́n bíi tòmátì. Omijé tó ń sun gan-an ń ta á. Ó ní, "Anti, ẹ má sọ fún Màmá mi." Mo ní mi ò ní sọ títí yóò fi san. Ó ti san, mo sì ń sọ ọ́ báyìí.

Ṣé o fẹ́ mọ oògùn tí mo lò? Omi ni. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, mi ò jẹ́ kí nǹkan amúnidán kankan kan ojú ọmọ yẹn. Yóò fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́jú, kí omi náà tó gbẹ yóò ti fi gílísárìn tí mo bu omi là pa á, yóò wá fi òrí lé e lálẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu: "Anti, èyí tó ń mú ojú dán ńkọ́?" Bákan náà ni gbogbo yín rí, ẹ ò fẹ́ gbọ́ ti omi, dídán ṣáá! Mo ní awọ tó gbẹ ò lè gba nǹkan kan, ńṣe ni yóò máa ta á. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ ni mo tó ní kó máa kán fítámì C tí kò lágbára sí i, láàárọ̀ nìkan, lórí gílísárìn yẹn, kí ọ̀kan máa tu ojú nínú bí èkejì ṣe ń pa àpá rẹ́. Ìpara tí a fi ń sá oòrùn ló ń kẹ́yìn. Ó dúró níwájú rẹ yẹn, wò ó. Àpá ti ń lọ. Ó ń dán. Ó sì dúdú! Ọ̀dọ̀ ìyá Alhaji ló ti jogún ẹ̀, kò sì sí ẹni tí màá bá bó o.

Háà, Kulthum, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ti fi sínú láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Èmi ni mo po tìẹ nígbà ìgbéyàwó rẹ. Ọmọdé ń ṣe mí, mo rò pé mo mọ iṣẹ́. O ń lò ó lọ títí wọ́n fi fi iṣẹ́ abẹ gbé Qudrah jáde. O rántí pé ojú abẹ yẹn kọ̀, kò jiná, wọ́n rán an, ó já, wọ́n tún un rán. Oorun lo ń sùn nígbà tí dókítà sọ ìdí ẹ̀ fún mi: ìpara ti jẹ awọ rẹ, kò lè di òwú mú mọ́. Ọ̀sẹ̀ méje lo lò níbẹ̀. Mò ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún ọ, o ń ṣàdúà fún mi, ojú ń tì mí. Ọjọ́ tí o délé ni mo da gbogbo ìpara abóra tó wà ní ìsọ̀ mi sí ṣáláńgá. Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Kó gbogbo oníbàárà mi lọ sí Ọ̀fà Garage tó bá wù ọ́. Bú mi ní àsálátù, kí wọ́n ṣe àmín sí i. Wàláhì, mi ò ní pò ó. Bí ìyá ọkọ bá tún ní ó dúdú, ní kó wá bá mi ní ìsọ̀. Màá fún un ní àga, màá sì dá a lóhùn.

Nǹkan kan ló kù. Qudrah ní o ti sọ pé Safiyat àbúrò rẹ ni yóò lé làlì fún òun, pé ìwọ ò ní ráyè. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti ń wọ ìbọ̀wọ́ dúdú kiri nínú ooru Ìlọrin. Àwọn èèyàn ń ní Alhaja ti mú ẹ̀sìn le, èmi nìkan ló mọ̀ pé oríkèé ìka tí ìpara tí o tún lọ ń rà níbòmíràn sọ di èédú ni o ń fi pamọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí o bí, ẹlòmíràn ni yóò lé làlì fún un? Kò jọ ọ́! Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wò, kó wò. Èmi ni màá jókòó tì ọ́, ẹni tó bá sì lanu sọ̀rọ̀, èmi ni yóò bá níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí wòlímọ̀ Qudrah àti yìgì rẹ̀. Kí ó fún un ní ọkọ tí yóò máa wo ojú rẹ̀, tí inú rẹ̀ yóò máa dùn. Kí ó jẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o lé tí kò lọ,
Ràúdátù.

Mo tún rántí: ìgò méjì wà nínú ọ̀rá tí Qudrah gbé dání. Tirẹ̀ kọ́, tìẹ ni, fún ọwọ́ rẹ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọwọ́ náà ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní máa ta ọ́ mọ́. Ọmọ rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Na ọwọ́ sí i.